Ta Ló Fẹ́ Bá A Ṣọ̀rẹ́?

Ẹ̀yin àgbà Yorùbá Railway Quarters, ẹ̀yin tí irun yín ti funfun sí Sabon Gari ní Kánò, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Mi ò bá ọmọdé wí. Ìjọba náà ní ìbáwí tirẹ̀, n óò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sí àga iwájú nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìjọ, Ìyá Àdínnì, Alhaji, Lánlọ́ọ̀dù, ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kò dùn, mi ò sì ní fi oyin sí i.

Ẹ ti sọ pálọ̀ yín di ibi tí àwọn tó ń fipá bá ọmọ ọlọ́mọ lò pọ̀ ti ń gba òmìnira.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń lọ. Ọmọ á sunkún wọlé, tàbí kí ìyá rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, tàbí kí ará ilé kan gbọ́ igbe láti yàrá kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti ránṣẹ́ pe àgbà. Àgbà á dé, á ṣí fìlà, á gbàdúrà. Wọ́n á ṣe àmín tán, wọ́n á ní iṣẹ́ èṣù ni. Wọ́n á ní kí bàbá ọmọ fọwọ́ wọ́nú, kó fi ti Ọlọ́run ṣe. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní òun ò mọ ohun tó ṣe òun. Wọ́n á bu owó lé e, wọ́n á pè é ní owó ìtọ́jú. Kí oṣù tó parí, ọmọ tí wọ́n ṣe níbi ni wọ́n á kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, wọ́n á fi í sọ́kọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, kí ojú má baà ti ìdílé. Ọkùnrin náà á wà ládùúgbò. Á máa kí yín láràárọ̀, ẹ ó sì máa dá a lóhùn.

Bí ìyá ọmọ bá fẹ́ yarí, ẹ ní òwe tí ẹ fi ń dí i lẹ́nu: "A kì í ti kóòtù dé ká tún ṣọ̀rẹ́." Òwe gidi ni. Àwọn baba wa pa á fún àwọn tó ń jà lórí ààlà ilẹ̀, lórí ogún, lórí gbèsè, àwọn tí ọjà àti ìdílé yóò tún pa pọ̀ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ bá ẹni tó fipá bá a lò pọ̀ ṣọ̀rẹ́? Ọ̀rẹ́ wo ló wà láàárín wọn tí ẹ kò fẹ́ kó bàjẹ́? Ìjà ni àgbà ń parí. Ìfipábánilòpọ̀ kì í ṣe ìjà. Ẹnì kan ló ṣe ẹnì kan níbi, òfin sì ti sọ ibi tí a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ibẹ̀ kì í ṣe pálọ̀ yín.

Òfin náà nìyí, torí ọ̀pọ̀ yín ń ṣe bí ẹni pé kò sí. Penal Code tí Àríwá ń lò láti ọdún 1960 sọ ọ́ ní abala 282 pé bí ọkùnrin bá bá ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá lò pọ̀, ìfipábánilòpọ̀ ni, ọmọ náà ì báà gbà, ì báà má gbà. Ìjìyà rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n gbére. Ìjọba ló ni ẹjọ́ náà, bàbá ọmọ kọ́. Nígbà tí ẹ bá ń rọ bàbá ọmọ pé kó dárí jì, ẹni tí kò ni ẹjọ́ lẹ ń bẹ̀ pé kó jáwọ́ nínú ẹjọ́. Òfin kan náà ka ẹni tó gbowó láti bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀ sí arúfin. Owó tí ẹ bá kà sórí tábìlì kí ọ̀rọ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kò sọ yín di onílàjà. Ó sọ yín di alábàápín.

Ẹ ó ní irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ẹ jókòó kí á jọ ṣírò. Ní June 2020, Mohammed Adamu, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, sọ fún àwọn oníròyìn pé láti January sí May ọdún yẹn, ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ 717 ló dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní gbogbo Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìwádìí tí àjọ ìkànìyàn Nàìjíríà àti UNICEF ṣe ní 2014 ti fi hàn pé nínú ọmọbìnrin mẹ́rin, ó kéré tán ọ̀kan ni wọ́n ti hùwà ipá ìbálòpọ̀ sí kó tó pé ọdún méjìdínlógún. Nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, ọ̀kan. Nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù, ẹjọ́ 717 ní oṣù márùn-ún! Níbo ni ìyókù wọlé sí? Àdúrà ni wọ́n fi bò ó. Owó ìtọ́jú ni wọ́n fi dì í. Ọkọ̀ alẹ́ ló gbé e lọ sílé.

Ẹ má sì fo ti ọmọkùnrin yẹn kọjá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn, àwọn ọmọ kéwú, àwọn ọmọkùnrin tó ń kiri ọjà dé ibi ìdúró ọkọ̀, ibi náà ń bá wọn. Bí ọmọkùnrin bá wá sọ fún yín, ẹ̀rín lẹ máa fi ń dá a lóhùn, ẹ ní ọkùnrin ni, yóò gbàgbé. Abala 282 tí mo dárúkọ yẹn gan-an, obìnrin nìkan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òfin VAPP, tó ń dènà ìwà ipá sí èèyàn, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní May 2015, ló la ojú ọ̀rọ̀ náà, tó fi ọkùnrin àti obìnrin sábẹ́ ààbò kan náà, tó sì sọ pé adájọ́ kò gbọdọ̀ fún irú ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ láǹfààní owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n Abuja ni òfin yẹn dè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ibi tí ìbáwí ìjọba ti wọlé nìyí. Ní June 2020 kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n kọ lu Uwaila Omozuwa, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Benin, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń kàwé, tí ó sì kú, àwọn gómìnà Nàìjíríà kéde pé ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ ti di pàjáwìrì. Pàjáwìrì, wọ́n ní! Títí ọdún 2023 fi parí, Kánò kò tíì sọ VAPP di òfin tirẹ̀. Òfin ààbò ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, ogún ọdún ló gbà kí Kánò tó ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó wa jọ dìbò ní gbogbo ọdún mẹ́rin, tí ẹ ń gbàlejò olóṣèlú tó bá wá tọrọ ìbò ní Sabon Gari, èwo nínú yín ló ti bi wọ́n léèrè òfin yìí rí? Kàǹga àti tiransífọ́mà lẹ ń béèrè. Ó dára. Àmọ́ ọmọ tí yóò pọn omi kàǹga yẹn ń kọ́?

Ẹ jẹ́ kí n wá gba àwọn àwáwí yín yẹ̀ wò, torí mo ti mọ̀ wọ́n lórí.

Àkọ́kọ́, ẹ ní àlejò ni wá, pé bí ọ̀rọ̀ wa bá jáde, Hausa yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá. Ọdún 1911 ni ojú irin dé Kánò. Àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ réluwé àti àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ wa tẹ̀lé e wá, ìjọba òyìnbó sì ya Sabon Gari sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún wọn. Nígbà tí ìjà May 1953 dé, ojú àwọn baba wa rí nǹkan ní àdúgbò yìí, àwọn tó sì wà níbí ní 1966 kò ní gbàgbé. Àwọn ọdún wọ̀nyẹn ló kọ́ wa láti máa pa ẹnu mọ́, láti máa parí ọ̀rọ̀ wa nínú ilé. Ìdákẹ́ yẹn gba ẹ̀mí là lásìkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mú ohun tí wọ́n fi dáàbò bo ọmọ, ẹ wá ń fi dáàbò bo ẹni tó ń pa ọmọ lára. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí a ti ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a ti ní mọ́ṣáláṣí, tí a ti ní Ọba Yorùbá Kánò, àlejò ìgbà wo la fẹ́ jẹ́ dà?

Àwọn Hausa tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn kò sì dákẹ́. Ní February 2019, nínú Kánò yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Khadijah Adamu kọ ọ́ sórí Twitter bí ọkùnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra ṣe ń lù ú. Ọ̀rọ̀ náà kan Fakhrriyyah Hashim lára, ó sì dá #ArewaMeToo sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọmọbìnrin Àríwá ń jáde sọ ohun tí ojú wọn ti rí, láti inú ìlú tí ìtìjú ti le ju tiwa lọ. Wọ́n bú wọn. Àwọn ọlọ́pàá SARS lọ mú Maryam Awaisu, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣíwájú, níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Kaduna. Wọ́n fi í sílẹ̀, kò sì dẹ́kun. Àwọn ọmọ tí ẹ lè bí nìyẹn. Ẹ̀yin ń sá fún yẹ̀yẹ́, àwọn ń dúró de àtìmọ́lé.

Ẹ ó tún ní, bí a bá gbé e jáde, kóòtù Ṣàríà ni yóò já sí, wọ́n á sì yí ẹ̀bi lé ọmọ lórí. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe òfìfo. Ní January 2001, wọ́n na ọmọbìnrin kan ní ẹgba ọgọ́rùn-ún ní Zamfara nítorí oyún tí kò ní ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sọ pé àwọn ọkùnrin tí bàbá òun jẹ lówó ni wọ́n bá òun lò pọ̀. Ẹgbẹ́ BAOBAB, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, ń gbìyànjú láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún un nígbà tí wọ́n nà án. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Nígbà tí wọ́n dájọ́ ikú fún Safiya Hussaini ní Sokoto àti Amina Lawal ní Katsina lórí ẹ̀sùn àgbèrè, àwọn agbẹjọ́rò dúró, Hauwa Ibrahim sì wà lára wọn. Kóòtù Ṣàríà tó gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló dá àwọn méjèèjì sílẹ̀, ọ̀kan ní 2002, èkejì ní 2003. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n rí ẹni dúró tì wọ́n kí ìyà tó dé. Òfin Ṣàríà Kánò fúnra rẹ̀ ya ìfipábánilòpọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àgbèrè, ẹni tí kì í sì í ṣe Mùsùlùmí, kóòtù Ṣàríà kò lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ àfi bó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbà. Agbẹjọ́rò lẹ fi ń ṣẹ́gun ẹ̀rù yìí. Ìdákẹ́ kò ṣẹ́gun rẹ̀ rí.

Àwáwí tó tún burú ju méjèèjì lọ ni ìbéèrè tí ẹ máa ń bi ọmọ: aṣọ wo lo wọ̀? Kí lo wá lọ ṣe níbẹ̀ nírú àkókò yẹn? Ní March 18, 2013, bọ́ǹbù dún ní gáréèjì New Road tó wà lẹ́yìnkùlé wa níbí. Àwọn èèyàn tó ti wọkọ̀, tí wọ́n ń lọ sílé, kú sórí ìjókòó wọn. Ní July ọdún kan náà, ó tún dún ní Enugu Road. Ní May 2014, ó dún ní Gold Coast. Gbogbo wa la sunkún. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó bi òkú léèrè pé kí ló wá lọ ṣe ní gáréèjì. Kò sí ẹni tó ní ìbá má wọ ankárá, bọ́ǹbù kì bá pa á. Ẹni tó gbé bọ́ǹbù wá lẹ dá lẹ́bi, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ̀bi wà. Kí ló dé tí làákàyè yẹn fi ń sá fún yín nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n rán lọ ra kẹrosíìnì?

Ẹ tún máa ń béèrè pé bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ló dé tí kò tètè sọ. Ta ni ì bá sọ fún? Ẹ̀yin? Ní 2019, Busola Dakolo jáde lórí tẹlifísọ̀n, ó fẹ̀sùn kan pásítọ̀ kan pé ó fipá bá òun lò pọ̀ nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé. Pásítọ̀ náà ní irọ́ ni. Nígbà tí obìnrin náà gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù ní Abuja, adájọ́ ní ìgbà ti kọjá lórí ẹjọ́ náà, ó sì fagi lé e láìgbọ́ ẹ̀rí rárá. Ẹ wo bí ẹ ṣe yí ọmọ ká: bó bá tètè sọ, ẹ ó ní kó fọwọ́ wọ́nú. Bó bá pẹ́ kó tó sọ, ẹ ó ní ó pẹ́ jù.

Àwọn kan nínú yín ń retí ẹni tó níwo lórí. Bí wọ́n bá dárúkọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà lẹ́sìnnì, àbúrò ọkọ, bàbá tó ń fún àwọn ọmọ ní bisikíìtì, ẹ ó ní kò lè ṣe é, pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ní Avignon, nílẹ̀ Faransé, ní December 2024, kóòtù dá ọkùnrin 51 lẹ́bi nínú ẹjọ́ Gisèle Pelicot. Ọkọ rẹ̀ ló ń fún un ní oògùn oorun, tó sì ń pe àwọn ìyókù wá bá a. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, sójà wà nínú wọn, awakọ̀ wà nínú wọn, àwọn tí aládùúgbò ń kí láràárọ̀. Obìnrin náà ní ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ ara rẹ̀ pa mọ́. Ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kóòtù sílẹ̀, torí àwọn tó ṣe é ni ìtìjú tọ́ sí. Ní ti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí ẹ lọ mú wá láti abúlé pé ẹ ó fi wọ́n síléèwé, tí wọ́n ń sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé oníyàrá mẹ́wàá, tí ilé ìyàgbẹ́ sì wà lẹ́yìnkùlé, ta ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn lọ̀ bó bá jẹ́ onílé fúnra rẹ̀ ló ń kanlẹ̀kùn lóru?

Ẹ̀yin ẹlẹ́sìn, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Pásítọ̀ tó ní kí ọmọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ẹ̀mí àìmọ́, tí kò mú un lọ sí ọsibítù, ìyà ọmọ náà wà lọ́rùn rẹ̀. Àáfà tó ní kí wọ́n fi ọmọ fún ẹni tó bà á jẹ́ láti fi ṣaya, kí ojú ìdílé lè mọ́, ìyà ọmọ náà wà lọ́rùn òun náà. Ọ̀daràn lẹ sọ di àna.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń kùn níbẹ̀ pé irọ́ ń bẹ, pé wọ́n lè fi ẹ̀sùn èké ba ayé ọmọkùnrin jẹ́. Òótọ́ ni pé èké ń bẹ láyé. Ìdí tó fi yẹ kí dókítà yẹ ọmọ wò, kí ọlọ́pàá ṣèwádìí, kí adájọ́ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì nìyẹn. Ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ pé kí a lọ. Àgbà tó fi àdúrà parí ọ̀rọ̀ kò wẹ aláìṣẹ̀ mọ́, kò sì fi ìyà jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní July 2022, kóòtù ẹ̀sùn àkànṣe ní Ìkẹjà dá Baba Ìjẹ̀ṣà, òṣèré tí gbogbo wa mọ̀, lẹ́bi lórí àwọn ẹ̀sùn kan nípa ọmọdé, ó sì dá a láre lórí àwọn mìíràn. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni ó ní kó lọ ṣe. Kó tó dé ibẹ̀, àwọn kan ti gbé páálí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá Pántì ní Èkó pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, àwọn kan sì ti bú Princess, aláwàdà tó gbé ẹjọ́ náà dìde, pé ó ń wá òkìkí. Ẹ̀rí ló sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́. Ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ àti ojúlùmọ̀ kò rí ibi jókòó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ní kí ẹ gbé táyà àti mátíìsì. Ẹni tó bá dáná sun afipábánilòpọ̀ ti di apànìyàn, ó sì ti sun ẹ̀rí ọmọ náà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Dangora, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kiru, ìpínlẹ̀ Kánò níhìn-ín, ní June 2020. Ìyá kan bá ọkùnrin kan nínú yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Kò pe ìpàdé. Ó figbe ta, ọkùnrin náà sá, àwọn aládùúgbò lé e bá, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọlọ́pàá Kánò sọ pé ó jẹ́wọ́ pé láàárín ọdún kan, òun ti fipá bá èèyàn bí ogójì lò pọ̀, àti ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti ìyá arúgbó tó ti tó ọgọ́rin ọdún. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò sí ohun tó dá a dúró, àfi igbe obìnrin kan tó kọ̀ láti fọwọ́ wọ́nú.

Ìbáwí láìsí ìtọ́ni, ariwo lásán ni. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ó ṣe.

Bí ọmọ, tàbí àgbàlagbà, bá wá sọ fún yín, ẹ gbà á gbọ́, ẹ sì sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó wẹ̀ kí dókítà tó rí i. Bó bá ti pàrọ̀ aṣọ, ẹ kó aṣọ náà sínú àpò bébà. Ẹ má kó o sínú náílọ̀n, kó má baà bu, kí ẹ̀rí má baà bàjẹ́. Ẹ pe kẹ̀kẹ́ Adaidaita Sahu, ẹ gbé e lọ sí Waraka Centre nínú ọsibítù Murtala Muhammad. Kò jìnnà sí Sabon Gari. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ kó dé ibẹ̀ kí wákàtí méjìléláàádọ́rin tó pé, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, èyí tó ń dènà oyún náà sì dára jù bí a bá tètè lò ó. Bí àkókò yẹn bá ti kọjá, ẹ ṣì lọ, torí ìtọ́jú mìíràn wà. Ẹ̀yin tó ń ka èyí láti Èkó, Mirabel Centre ti wà nínú ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà láti 2013.

Lẹ́yìn dókítà, ọlọ́pàá. Ẹ béèrè àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé, kí ìyá tàbí obìnrin kan tó fọkàn tán wà pẹ̀lú rẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀, kí ó má baà tún un sọ níwájú gbogbo èèyàn. Bí ọlọ́pàá kan bá ní kí ẹ lọ parí ẹ̀ nílé, ẹ lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ẹ lọ bá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, ẹ lọ bá NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ẹ lọ bá Legal Aid Council. Ẹ má ya fídíò ọmọ. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ nípàdé. Ẹ má rán an lọ sílé bí ẹni tó jẹ̀bi. Bí ẹnì kan bá gbọ́dọ̀ kúrò ládùúgbò, ẹni tó ṣe é ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹjọ́ á pẹ́. Wọ́n á sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún sún un. Ibẹ̀ ni owó ọkọ̀ ti ń tán lọ́wọ́ ìyá ọmọ, tí ẹlẹ́rìí ti ń dẹ̀yìn, tí ọ̀daràn sì ti ń jàre. Ẹgbẹ́ tó lè dá aṣọ ẹbí, tó lè dáwó ìsìnkú kí òkú tó dé Ọ̀fà, ó lè san owó Adaidaita Sahu ìyá kan dé kóòtù títí ẹjọ́ yóò fi parí. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ kò lè sọ pé kò sówó.

Yorùbá ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Láti òní lọ, àgbà tó bá jókòó ní Railway Quarters, tó fi àdúrà àti owó parí ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀, òun ló gba epo sílẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ́ ẹní fún un níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ má ṣe gbé kólà fún un níbi ìgbéyàwó. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ní ìpàdé tó ń bọ̀ pé ẹgbẹ́ wa kò ní parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, kí gbogbo àgbà sì fọwọ́ sí i lójú ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá lè fọwọ́ sí i, kó dìde lórí àga iwájú.